Ọmọ Ṣẹ́ẹ̀sì Onígi ti Ojoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Aláyò kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí tí mo rò pé ó tó gbé wá sí ojú ìwé ìròyìn wa, nítorí kì í ṣe àwa ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó kàn. Owó tí a ti ń dá jọ láti ìgbà pípẹ́ wá ti tó ra ṣẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan nínú wa ń fẹ́ kí a fi gbogbo owó náà ra ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí a fi ọnà sí lára, tí a fi wúrà kun adé ọba rẹ̀, kí a sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì ní yàrá ìkàwé níbi tí àwọn àlejò yóò ti máa rí i. Èmi wà nínú àwọn tí ó ní kí a ra ti onígi lásán, èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ lára, kí ó lè tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí a sì máa fi wọ́n ta ayò ní ọjọ́ gbogbo. A ti jiyàn lórí rẹ̀ ní ìpàdé méjì, ohùn sì ti ròkè ju bí ó ti yẹ àwọn tí ń múra láti di olùkọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n fi ara balẹ̀ kọ èrò mi sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí ṣẹ́ẹ̀sì rí, pátákó olójú 64 ni a fi ń ta á, ìdajì ojú wọ̀nyí funfun, ìdajì sì dúdú. Ẹni méjì ní í ta á, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ 16: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹlẹ́ṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì, àti ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá sé ọba ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ títí kò fi rí ibi yà sí ni ó borí. Kò sí ṣíṣẹ́ kèké nínú rẹ̀ bí ti lúdò. Làákàyè àti sùúrù ni a fi ń ta á, gẹ́gẹ́ bí ayò ọlọ́pọ́n ti àwọn bàbá wa.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ó tó nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ilẹ̀ Páṣíà, tí àwọn Lárúbáwá fi gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ kí a máa gbẹ́ ère ẹ̀dá alààyè nítorí ẹ̀sìn wọn, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì láìní ojú, láìní imú. Kùkùté kékeré kan ni ọba, kùkùté tí ó kéré jù ú lọ ni igbákejì rẹ̀, èyí tí ó ní ìwo méjì ṣóńṣó lórí sì ni erin, tí ó wà ní ipò tí bíṣọ́ọ̀bù wà lónìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ọmọdé ni ó fi amọ̀ ṣeré. Síbẹ̀, ní ìlú Bàgídádì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án àti ìkẹwàá, àwọn ọ̀ta ayò yìí ń kọ ìwé lórí bí a ti í ta á, wọ́n sì ń ta á níwájú àwọn ọba. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé kùkùté ni wọ́n ń gbé kiri.

Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn oníṣẹ́-ọnà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. N kò ní sọ pé iṣẹ́ wọn kò dára. Irú kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí a ń pè ní Selenus, a gbẹ́ ẹ bí òdòdó tí ó tò lérí ara wọn, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dùn ún wò púpọ̀, ṣùgbọ́n bí apá aṣọ ẹni bá ṣèèṣì kàn án, ó ti wó lulẹ̀. Ohun tí ó tún burú ni pé ọ̀nà tí ìlú kan ń gbà gbẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ìlú kejì ń gbà. Àlejò lè jókòó nídìí ṣẹ́ẹ̀sì kí ó máa wo ọba bí ẹni wo ayaba. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó gbọ́n ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ, kí ó pàdánù nítorí pé kò dá ọmọ ayò mọ̀!

Ọdún 1849 ni àtúnṣe dé. Ọ̀gbẹ́ni Nathaniel Cooke forúkọ àwòṣe tuntun kan sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, ilé iṣẹ́ Jaques bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, ọ̀gbẹ́ni Howard Staunton, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ta pàtàkì ayé ìgbà náà, sì gbà kí a fi orúkọ òun pè é. Lónìí, Staunton náà ni a ṣì ń pè é. Bí a bá wò ó, a ó rí i pé ẹni tí ó ronú rẹ̀ mọ ohun tí aláyò nílò. Àgbélébùú kékeré wà lórí ọba, adé wà lórí ayaba, fìlà bíṣọ́ọ̀bù tí a là ní ẹ̀gbẹ́ ni a fi mọ bíṣọ́ọ̀bù, orí ẹṣin ni ẹlẹ́ṣin, ògiri ilé ìṣọ́ ni ilé ìṣọ́, bọ́ọ̀lù kékeré lórí ìdí gbígbòòrò sì ni ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀. Kò sí ohun mìíràn lára wọn. Ọmọdé tí ó bá rí wọn lẹ́ẹ̀kan kì í tún ṣì wọ́n mọ̀. Ẹgbẹ́ aláṣẹ̀ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tí ń jẹ́ FIDE, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Páríìsì ní 1924, ń fẹ́ irú èyí fún ìdíje wọn. Wọ́n ní kí gíga ọba jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9.5, kí ìbú ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó sì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 àti 6. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ó mọ ayò náà jù lọ ní ayé kò béèrè wúrà lára rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a tún wo bí a ti ń ṣe é, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó wà. Igi bọ́kísì, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti bọ́tà, ni a sábà fi ń ṣe funfun. Igi èbónì, èyí tí a kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì, ni a fi ń ṣe dúdú tí ó bá jẹ́ ti olówó. Ti mẹ̀kúnnù, a máa ń pa igi funfun náà láró dúdú ni, ó sì tán. Ọba, ayaba, bíṣọ́ọ̀bù, ilé ìṣọ́ àti ọmọ-ogun, orí ẹ̀rọ tí ń yí igi bírí ni a ti ń gé gbogbo wọn, irú ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Kò pẹ́ rárá. Ẹlẹ́ṣin nìkan ni ẹ̀rọ kò lè ṣe parí. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ etí rẹ̀, imú rẹ̀ àti gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin fún ṣẹ́ẹ̀sì kan. Ní ìlú Amritsar ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí a ti ń ṣe púpọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì onígi tí a ń tà káàkiri ayé, ẹni tí ń gbẹ́ ẹṣin kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ṣẹ́ẹ̀sì lọ́jà tí ẹ sì fẹ́ mọ iye iṣẹ́ tí a ṣe sí i, ẹ má wo ọba. Ẹ gbé ẹṣin, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀.

Èyí tí ó dára fún ojoojúmọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Kí ìdí rẹ̀ gbòòrò kí ó má baà ṣubú. Kí ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́: a máa ń gbẹ́ ìdí rẹ̀ kòtò, a ó fi òjé tàbí irin sínú rẹ̀, a ó sì lẹ aṣọ tí ó nípọn mọ́ ọn nísàlẹ̀ kí ó má baà ha pátákó. Kí ó má dán jù tí iná yóò fi máa kọ mànàmáná sí ojú ẹni ní alẹ́. Ó tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ju èyí lọ, ohun tí yóò máa wò ni ó ń wá.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ó wà ní apá kejì yóò sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí àlejò bá wọ yàrá ìkàwé wa tí ó bá igi gbígbẹ lórí tábìlì, irú ojú wo ni yóò fi wò wá? Mo gbà pé òwe náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n léèrè: kí ni ó sàn kí àlejò bá nílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀sì arẹwà kan tí kò sí ẹni tí ó ń ta á, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tí wọ́n tẹ orí mọ́ pátákó márùn-ún tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò wọlé? Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí mo wí kì í ṣe ìdáhùn. Mo ṣì rò pé ìdáhùn ni.

Wọ́n tún ní ohun ẹlẹ́wà a máa wà pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa wà pẹ́. Ní 1831 a rí àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kan ní erékùṣù Lewis ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, eyín ẹranko òkun tí ń jẹ́ walrus ni a fi gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn, ní ọ̀rúndún kejìlá. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ́nù, ìyókù wà ní Edinburgh. Ọ̀kan wà tí ó ti yà kúrò lára wọn. Oníṣòwò ohun àtijọ́ kan rà á ní pọ́n-ùn 5 ní 1964, ó sì wà nínú ilé àwọn ará ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí í ṣe. Nígbà tí a tà á ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ́nù ní 2019, pọ́n-ùn 735,000 ni a rí lórí rẹ̀. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó tún lè fi wọ́n ta ayò láé? Inú gíláàsì ni wọ́n wà. Ẹwà wọn ti yọ wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ọnà ni mí. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì ti rí ọpọ́n ayò tí a fi ère ẹṣin àti ènìyàn yí ká, tí ó tọ́ sí ààfin ọba. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbẹ́ ihò 12 sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi, mẹ́fà síhìn-ín, mẹ́fà sọ́hùn-ún, tí wọ́n ka ọmọ ayò 48 sínú rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí ìjà ọ̀ta àti òpè sì bẹ̀rẹ̀ ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọ́n ọlọ́nà nìkan ni a lè fi ta ayò, inú ààfin ni ayò ìbá kú sí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó mú mi le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a rán mi lọ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ṣẹ́ẹ̀sì kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, olóore kan ni ó fi tọrẹ. Òkúta dídán ni a fi ṣe é, aláwọ̀ ewé àti funfun, ó wuni púpọ̀. Èmi ni a fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ní bí ẹlẹ́ṣin ti ń rìn, lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, ó sì gbọ́ ọ yékéyéké. Láti ọjọ́ náà, bí aago ìsinmi bá ti lù, yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ó gbé e jáde lónìí?” Èmi a sì dá a lóhùn pé ó di ọjọ́ mìíràn, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá gbé e jáde, a kò tíì ta á dé ìdajì nígbà tí apá ẹ̀wù rẹ̀ gba bíṣọ́ọ̀bù kan dànù, ó bọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ sì kán. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kó abala méjèèjì jọ, ó ń fi itọ́ ẹnu rẹ̀ gbìyànjú láti lẹ̀ wọ́n pọ̀. A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tí ó nà án, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí. Ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà, kò tún wá sí ẹnu ọ̀nà mi mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Èwo wá ni ti àwa tí ń gbé ohun tí ọmọdé ń wá sí orí pẹpẹ fúnra wa? Bí ó bá jẹ́ igi ni bíṣọ́ọ̀bù náà, yóò fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, a ó mú un, a ó sì máa bá ayò wa lọ.

Ẹnìkan lè ní bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pé kí ó má fọ́ ni, kí a kúkú ra ti ike, ó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti igi. Òótọ́ ni. Ṣẹ́ẹ̀sì oníke ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò lónìí, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà bí ó bá ra á fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi yan igi ni pé àwa yóò lọ sí abúlé tí ọjà ṣẹ́ẹ̀sì kò sí. Bí ọmọ-ogun oníke kan bá sọnù níbẹ̀, ó sọnù nìyẹn. Bí ti igi bá sọnù, ọ̀bẹ àti ìtì igi kan ni a nílò. Kò sì sí abúlé tí kò ní igi.

Nípa agbára ayò yìí lórí ọmọ mẹ̀kúnnù, n kò ní sọ púpọ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Tunde Onakoya, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ Mákòko àti àwọn tí ń gbé lábẹ́ afárá Oshòdì ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó jókòó ní Times Square ní Níú Yọ́ọ̀kì, òun àti Shawn Martinez, wọ́n ta á fún wákàtí 60 láti wá owó ìwé fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ọba tí ó ń gbé kiri dé adé wúrà.

Èmi àti ẹnìkan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ti gbẹ́ ọ̀kan wò ní ilé iṣẹ́ káfíńtà wa. Igi ọmọ̀, èyí tí a fi ń gbẹ́ ìlù, ni a lò, nítorí ó rọrùn láti gbẹ́, a sì fi pólíṣì bàtà kun ìdajì rẹ̀ dúdú. (Ẹni tí ó bá ta ti dúdú yóò fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, a ń wá àtúnṣe sí èyí.) Ìrọ̀lẹ́ mọ́kànlá ni a fi ṣe é. Mẹ́rin nínú wọn ni a fi gbẹ́ àwọn ọmọ 28, méje ni a fi gbẹ́ ẹṣin mẹ́rin, àwọn ẹṣin náà kò sì tíì jọ ẹṣin. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà nítòsí wa rí wọn, wọ́n pè wọ́n ní ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n títí di òní. “Mo fi ewúrẹ́ jẹ ayaba rẹ,” ni ẹ ó máa gbọ́ ní yàrá wa lálẹ́.

Ìpàdé kẹta yóò wáyé ní Sátidé, níbẹ̀ ni a ó ti dìbò. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tí kò bá tíì pinnu wá sí gbọ̀ngàn ìjẹun ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ṣẹ́ẹ̀sì náà yóò wà lórí tábìlì tí ó sún mọ́ fèrèsé, ẹnikẹ́ni ni ó lè ta á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ogun dúdú kan ti sọnù. Ìdérí ìgò ni a fi rọ́pò rẹ̀ títí èmi yóò fi gbẹ́ òmíràn.